Orúkọ Tí Láwàl Ń Pè ní Agogo Márùn-ún

Ọdún tí wọ́n dé adé lé ọmọbìnrin ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ni ìjọba gbé asọ̀rọ̀mágbèsì wá sí Òde Ùgbò. Wọ́n kọ́ yàrá kan ti ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà lórí òpó, láti ẹ̀gbẹ́ afárá pákó kan dé èkejì, títí wáyà fi wọ ogójì ilé. Àpótí pákó kékeré ni wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, ìròyìn Èkó ló ń ti inú àpótí náà jáde. Tó bá di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ohùn Láwàl ni, fún wákàtí kan gbáko.

Ẹni ogójì ọdún ni Láwàl nígbà náà. Ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó ń ṣòwò lẹ́bàá odò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ máa ń ra edé àti ẹja yíyan kiri àwọn abúlé etí òkun, a kó o lọ tà l'Ékòó, Láwàl a sì tẹ̀ lé e. Nítòsí ilé tí wọ́n máa ń wọ̀ sí l'Ékòó ni àwọn onísákárà kan ti ń ṣeré, ibẹ̀ sì ni orin ti wọ Láwàl lára. Orin tí kò kánjú ló fẹ́ràn. Ó fẹ́ kí gòjé kọ́kọ́ sunkún fúngbà díẹ̀ kí akọrin tó la ẹnu, kí akọrin náà sì máa sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà tó ti rí àga jókòó. Bírípo tí àwọn ará Ìlàjẹ ń kọ náà dùn mọ́ ọn, pàápàá lẹ́nu àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń sá edé. Ó ti pe mẹ́ta nínú wọn wá kọ ọ́ síwájú makirofóònù rí. Ṣùgbọ́n orin onígìtá, ní pàtàkì àwọn tó ń ti Gold Coast wá, kò lè gbọ́ ọ sétí. Ó ní bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń sáré lórí páànù ló rí.

Kì í fi í pamọ́. Tó bá fẹ́ fi sákárà síbẹ̀, a ní, "Ẹ sún mọ́ àpótí yín." Tó bá di ti onígìtá, a ní, "Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, kó yára lọ ṣe é báyìí." Gbogbo ìlú a máa rẹ́rìn-ín. Orúkọ àpótí náà gan-an ni wọ́n wá sọ ọ́. Tó bá ń kọjá lórí afárá, àwọn ènìyàn a ní, "Asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹ kú ìrìn o," òun náà a sì dáhùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ń gbèsì tí òun bá jáde síta.

Ẹni tó fẹ́ràn orin onígìtá jù lọ ní Òde Ùgbò ni Kọ́lájọ, ọmọ Àrìnpé. Apẹja ni, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún ìyá rẹ̀, kò sì tíì pé ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan wà tó máa ń béèrè. Ọkùnrin kan ló ń kọrin nínú rẹ̀ ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nílùú, tó sì ń súfèé láàárín orin náà. Tí Kọ́lájọ bá ti ojú omi dé, a so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ abẹ́ fèrèsé yàrá náà, a máa súfèé orin náà títí Láwàl fi máa yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún wa ní tiwa."

"Kí lọkùnrin náà ń sọ gan-an?"

"N ò mọ̀. Ó sáà ń dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Láwàl a fi í síbẹ̀ fún un, a sì kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ìlú pé, "Kọ́lájọ ọmọ Àrìnpé ló ni ẹ̀bi èyí o. Ẹ má bá mi wí."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà, Kọ́lájọ àti àwọn méjì mìíràn, Olówòkéré àti Ọlọ́rundáre, ń gbé ọkọ̀ ńlá lọ sí òkun. Wọ́n ti di àwọ̀n, wọ́n ti di pupuru àti omi mímu ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n ti dé abẹ́ fèrèsé, Kọ́lájọ ní kí Láwàl fi orin náà síbẹ̀ kí àwọn máa gbọ́ ọ lọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù sákárà tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé Láwàl lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ń hára gàgà láti gbọ́ ọ.

"Tí o bá dé," ni Láwàl wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré la máa lò."

"Ọjọ́ mẹ́ta kò jìnnà. Lọ pẹja."

Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ń súfèé orin náà bí wọ́n ti ń wakọ̀ lọ. Láwàl ti fèrèsé kí súfèé náà má baà wọ inú makirofóònù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni ìjì dé. Ó ṣí páànù orí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì wó òpó wáyà mẹ́fà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọkọ̀ tó wà lójú òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ kan wà tí àwọ̀n rẹ̀ ti lọ, òmíràn sì ń gbé aláìsàn bọ̀. Ti Kọ́lájọ kò dé. Àwọn ọkùnrin wá wọn títí dé iwájú Ugbónla, wọn ò rí pátákó kan báyìí. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ará ilé Olówòkéré àti Ọlọ́rundáre ti ń sunkún òkú. Ìyàwó Olówòkéré ti fá irun orí rẹ̀ bí opó.

Àrìnpé kò sunkún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún náà, nígbà tí wọ́n ti tún àwọn òpó wáyà nà ró, tí Láwàl sì ń nu abẹ́rẹ́ giramafóònù, obìnrin náà wọlé, ó sì jókòó lórí àpótí tí wọ́n ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù sí.

"Láwàl," ó ní, "bá mi pe ọmọ mi."

Láwàl kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yé e, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Ìyá Kọ́lájọ, ohùn mi kì í dé ojú òkun. Inú wáyà yìí ló ń gbà. Ibi tí wáyà bá parí sí ni ohùn náà parí sí."

"Níbo ló parí sí?"

Ó rò pé tó bá rí i fúnra rẹ̀, yóò gbà. Ó mú un jáde, wọ́n rìn lórí afárá títí dé ilé tó gbẹ̀yìn, níbi tí ẹsẹ̀ odò ti fẹ̀ sí ọ̀nà òkun. Òpó tó kẹ́yìn wà níbẹ̀. Wáyà gba ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wọ ara ògiri, ó parí. Àrìnpé wò ó. Ó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó wo omi tó wà lábẹ́ afárá.

"Omi ló bẹ̀rẹ̀ níbí," ó ní. "Tí mo bá wà nínú ọkọ̀, tí ẹni tó wà lódìkejì bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo máa ń gbọ́ ohun tó sọ bí ẹni pé ó jókòó tì mí. Ìwọ kì í gbọ́?"

"Mo máa ń gbọ́, Mà."

"Ó dáa. Pè é."

Láwàl lè ṣàlàyé iná àti wáyà fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àrìnpé kò fẹ́ gbọ́, Láwàl sì mú un padà sí yàrá náà. Nígbà tí agogo márùn-ún lù, ó jókòó síwájú makirofóònù, obìnrin náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ pé: "Kọ́lájọ, ọmọ Àrìnpé, ìyá rẹ ń pè ọ́. Níbikíbi tí o bá wà, máa bọ̀ wálé." Ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù onígìtá náà síbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀bi kankan lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Lọ́jọ́ kejì, Àrìnpé dé ṣáájú agogo márùn-ún, ó jókòó lórí àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kẹta. Ó lọ bá ìyàwó Olówòkéré, ó ní kó wá pe ọkọ tirẹ̀ náà. Ìyàwó náà ní kó fi òun sílẹ̀, òun ti sun ẹkún òun tán. Báyìí ni Láwàl ṣe ń pe orúkọ Kọ́lájọ nìkan, lójoojúmọ́, tó sì ń fi orin tó kórìíra síbẹ̀ lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ohùn ọkùnrin inú rẹ̀ wá ń há bíi ti ẹni tó mu èéfín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń ṣe àlùwàlá, ìyàwó rẹ̀, Bàdírátù, dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó.

"Bàbá Láídì, ẹ̀yin lẹ ń súfèé yẹn?"

Láwàl ṣíwọ́ súfèé. Orin Kọ́lájọ ni. Kò mọ ìgbà tó bọ́ sí i lẹ́nu. Ó tún àlùwàlá náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ bá a sọ òdodo ọ̀rọ̀," Bàdírátù wí. "Ojoojúmọ́ tí ẹ ń pè é, ó ń dúró sí i ni."

"Mo ti sọ fún un. Mo mú un dé ìdí wáyà."

"Ẹ sọ pé ohùn yín kò dé òkun. Ẹ ò sọ pé ọmọ náà ti kú."

"Ta ló sọ fún mi pé ó ti kú?"

Bàdírátù wò ó, ó sì wọlé lọ. Láwàl ronú lé e lọ́jọ́ náà, ó rí i pé òun fúnra òun ti ń tẹ́tí sí abẹ́ fèrèsé láti ọjọ́ mélòó kan.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì oníṣòwò kan ti ìwọ̀ oòrùn dé, ó sì gbé ènìyàn méjì tó rù bí igi ìdáná sọ̀kalẹ̀. Olówòkéré ni àti Ọlọ́rundáre. Ìgbì ló ti ọkọ̀ wọn dànù. Wọ́n di ìdí ọkọ̀ náà mú títí tó fi gbé wọn dé etíkun àwọn ará ibòmíràn, tí àwọn yẹn tọ́jú wọn títí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní ọ̀nà ilé. Ìlú dà sí etí omi. Ìyàwó Olówòkéré, pẹ̀lú orí rẹ̀ tó ti fá, jókòó sílẹ̀ lórí afárá.

Olówòkéré fúnra rẹ̀ wá bá Láwàl nígbà tó lè rìn.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ dì mọ́ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, ọwọ́ Kọ́lájọ yọ̀. Mo na ọwọ́ sí i, mo kan ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà, n ò rí i mọ́."

"O ti sọ fún ìyá rẹ̀?"

"Mo ti sọ. Ó ní ṣé mo rí òkú rẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní kí n máa lọ jẹun."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Láwàl. Wọ́n ní òun ló pè wọ́n wálé. Àwọn ará ilé Ọlọ́rundáre gbé ẹja yíyan agbọ̀n kan wá fún un. Ó kọ̀ ọ́, wọ́n gbé e fún Bàdírátù. Ó ní ohùn òun kò dé ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó ṣe oore kì í fẹ́ kí wọ́n yìn ín. Ó bi Olówòkéré níwájú gbogbo wọn bóyá ó gbọ́ orúkọ kankan lójú omi. Olówòkéré ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, ìgbì nìkan ni. Ọlọ́rundáre wá dá sí i, ó ní ní tòun o, òun gbọ́ nǹkan bíi súfèé. Bó ṣe sọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ mọ́ Láwàl lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àrìnpé dé. Kò jókòó.

"Láwàl, orúkọ ta lo ń pè láti ọjọ́ yìí?"

"Kọ́lájọ ni, Mà. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

"Kọ́lájọ lo pè, Olówòkéré àti Ọlọ́rundáre ló dé. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè ló dé. Báwo lo ṣe pe tèmi?"

Láwàl ń ro ohun tó máa sọ. Tó bá ní òun kò lágbára kankan, Àrìnpé kò ní gbà. Tó bá ní òun pè é dáadáa, a jẹ́ pé ọmọ náà gbọ́, kò sì dáhùn ni. Ó kan jókòó tó ń yí abẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́.

"Bóyá o kò fẹ́ràn orin rẹ̀ ni," Àrìnpé wí, láìgbé ohùn sókè. "Gbogbo ìgbà lo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Bóyá ó ń gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ."

"Mà, mo tọrọ àforíjì."

"Mi ò ní kí o tọrọ àforíjì. Tún un pè."

Ó tún un pè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe Àrìnpé nìkan ló ń wá mọ́. Ìròyìn ti dé Ugbónla, ó ti dé Etíkàn. Àwọn ènìyàn ń wakọ̀ wá pẹ̀lú orúkọ. Obìnrin kan mú orúkọ ọkọ rẹ̀ wá, èyí tó ti bómi lọ láti ìgbà ogun Hitler. Bàbá arúgbó kan mú orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tí Láwàl sì béèrè ọdún tó lọ, ó ní ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní kékeré ni. Olúkúlùkù ń sọ orin tí ẹni tirẹ̀ fẹ́ràn. Láwàl kò ní orin púpọ̀ nínú wọn, ó ń fi èyí tó bá jọ ọ́ síbẹ̀. Orúkọ wá gba gbogbo wákàtí náà. Rẹ́kọ́ọ̀dù sákárà tuntun tó ti Èkó wá ṣì wà nínú bébà rẹ̀. Ó ń ka orúkọ, ó ń wo ojú àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì lè fo ẹyọ kan.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ni Ọ̀gbẹ́ni Lawrence dé láti olú iléeṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó wọ aṣọ funfun, àìsàn ọkọ̀ ojú omi sì ṣì ń ṣe é. Ó jókòó sí igun yàrá, ó gbọ́ ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Láwàl pa ẹ́ńjìnnì, ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú.

"Ọ̀gbẹ́ni Láwàl, mélòó nínú àwọn tí ẹ pè yìí ló wà láàyè?"

"N kò mọ̀, Sà. Kò dá mi lójú pé ọ̀kan wà."

"Àwọn ará ilé wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti sọ fún wọn, Sà. Wọn ò gbọ́ tèmi."

Ọ̀gbẹ́ni Lawrence mi orí. Ó ní òun kò bá a jà, òun náà sin ọmọ kan rí. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lọ́wọ́ òun sọ pé ìròyìn àti orin ni wákàtí náà wà fún, bí ètò yìí bá sì tẹ̀ síwájú, àwọn ọ̀gá yóò pa ibùdó náà, wọn yóò ká wáyà wọn. Láti ọ̀la lọ, kí Láwàl má pe orúkọ kankan mọ́. Láwàl bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun fi sọ fún àwọn ènìyàn náà. Ọkùnrin náà ní kò sí lọ́wọ́ òun. Láwàl gbà á gbọ́. Ó rí i lójú rẹ̀ pé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Láwàl ka ìròyìn, ó sì fi sákárà tuntun náà síbẹ̀. Gòjé bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó mú orúkọ wá dúró níta lórí afárá, nǹkan bí ogún. Kò sí ẹni tó bú u, kò sí ẹni tó lu ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró títí orin parí, wọ́n padà sínú ọkọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá bú u ni, ì bá mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù parí, kò lè sọ bóyá orin náà dára tàbí kò dára.

Àrìnpé kò sí lára wọn. Láwàl ti ilẹ̀kùn, ó rìn lọ sí ilé rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń yan ẹja ṣáwá, èéfín bo gbogbo ilé ìdáná.

"Mo gbọ́ ọ nínú àpótí," ó ní. "O kò pè é."

"Wọ́n ní kí n má pè é mọ́, Mà. Tí mo bá pè é, wọn á ká wáyà lọ."

"Ohùn rẹ ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún, kì í ṣe wáyà. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé wáyà kò dé ibẹ̀. Pè é níbí."

Fèrèsé ilé ìdáná náà kọjú sí omi. Láwàl dúró síbẹ̀, ó ń tijú. Ohùn tó ń lò nínú makirofóònù kò wá. Èyí tó wá tín-ín-rín, ó sì gbẹ. Ó pe Kọ́lájọ ọmọ Àrìnpé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ kọjá wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó wá rí Àrìnpé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbájú mọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ó tó," Àrìnpé wí. Ó bu pupuru fún un pẹ̀lú ẹja. Láwàl kò fẹ́ jẹun, ó jẹ ẹ́. Nígbà tó fẹ́ lọ, Àrìnpé ní kó máa bọ̀ lọ́la, Láwàl sì ní òun á wá.

Ó wá lọ́la. Ó wá lọ́túnla. Ó ń wá lójoojúmọ́ tó bá ti pa ẹ́ńjìnnì, títí oṣù kẹwàá fi lọ sí òpin, tí òjò sì dáwọ́ dúró. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá ilẹ̀kùn tí wọ́n fi okùn so. Aládùúgbò ní Àrìnpé ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ láàárọ̀, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Etíkàn, kò sì sọ pé òun máa padà. Láwàl bi í bóyá ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òun. Ó ní kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀.

Láwàl dúró níwájú ilẹ̀kùn náà. Kò mọ̀ bóyá kó pe ọmọ náà tàbí kó máa lọ. Ó wá rántí pé Láídì ọmọ rẹ̀ ní ibà, pé Bàdírátù ti ní kó má pẹ́, ó sì yí padà sórí afárá.